Ìbọn .308 tí owó rẹ̀ kò ní gá mi lára, fún yíyìn sí pátákó: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí, mo wá fún ìrántí ọdún kan tí ìyá mi papò dà. Ṣùgbọ́n Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, green card sì wà lọ́wọ́ mi. Àwa mẹ́fà kan níbi iṣẹ́ la jọ máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní Sátidé. Ìbọn ẹlòmíì ni mo ń yá yìn láti bí ọdún kan àbọ̀, ojú ti ń tì mí wàyí.

Èyí tí mo fẹ́ ni ìbọn gígùn tó ń jẹ ọta .308, irú èyí tó ń ki ara rẹ̀: ẹ fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, òmíràn ti bọ́ sípò. Kì í ṣe èyí tó ń dà wọ́n jáde bí òjò o. Owó tí mo ní lọ́wọ́ kò ju 1,200 dọ́là lọ, awò tó ń fa pátákó mọ́ ojú tí mo máa gbé sórí rẹ̀ sì wà nínú owó yẹn. Pápá tí à ń lò gùn tó 300 yáàdì. Pátákó ni mo fẹ́ máa yìn, n kò pa ẹran.

Àwọn tá a jọ ń lọ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní PTR-91 ni kí n rà, àwọn yòókù ní AR-10. Mo bi wọ́n léèrè, ó di fà-á-kí-n-fà-á. Mo mọ̀ pé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbí, àwọn ọdẹ wà, àwa ará òkè òkun náà ò kéré. Kí lẹ rí sí i?

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Bọ̀ọ̀dá, 1,200 dọ́là lẹ fẹ́ fi na pátákó? Kí ni pátákó fi ṣe yín? Ẹ gbé owó yẹn wá sí Ìtòkú, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo máa kó fún yín, ọmọ ọmọ yín á ró nínú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́, ṣé ẹ máa gbé e wálé tó bá yá? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní oko lọ́nà Ayétòrò. Bí ọ̀nà yẹn ṣe rí báyìí, á fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Kútọ̀

Kí ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi Aláàdìrẹ jù sílẹ̀ yẹn má tíì ta gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kí n fà á tu. Rárá ni o.

Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni ti èèwọ̀. Ìbọn ológun wà níbẹ̀, òfin náà sì dárúkọ ìwọ̀n ọta wọn: 7.62mm, 9mm, .300 àti .303. Ìbọn ìléwọ́ náà wà níbẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnìkan ní irú wọn. Ìsọ̀rí kejì la ti rí ìbọn ọdẹ alákátíríìjì tí kì í ki ara rẹ̀, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pátápátá ni àṣẹ ìyẹn wà. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àti gbogbo èyí tí à ń ki láti ẹnu.

Ẹ wá wo ọta .308 tí Ọmọ Ìbarà ń sọ. Ìbejì 7.62mm ti àwọn ológun ni. Ẹni tó bá gbé e gba pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wọlé, kì í ṣe oko ọ̀nà Ayétòrò ló ń lọ, Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ràn, orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá, ló ń lọ, láti ibẹ̀ á dé kóòtù.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ ṣeun. Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá. Texas ló máa wà, inú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbá ní Houston

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá fi ti ọ̀hún kún un kí ọ̀rọ̀ òfin lè tán nílẹ̀. Tó o bá fẹ́ ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní 4473, o máa kọ nọ́ńbà green card rẹ sínú rẹ̀, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ wò lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìwọ tó o ní green card lẹ́tọ̀ọ́ láti rà. Ẹni tó bá lo físà àbẹ̀wò tàbí ti ọmọ ilé ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́, àfi kó bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tó ń bi ọ́ bóyá ìwọ gan-an lò ń rà á fún. Tí ẹlòmíì bá fún ọ lówó pé kó o bá òun rà á, tó o sì dáhùn pé ìwọ lo ni ín, ẹ̀wọ̀n lò ń fi orúkọ ara rẹ wá yẹn. Àti pé láti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìbọn gan-an ń bọ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Sájẹ́ǹtì Alámàlà

Ẹ kú ìjókòó. FAL ni ìbọn tí mo gbé jùlọ kí n tó fẹ̀yìn tì, 7.62 kan náà tí ẹ̀ ń sọ yìí. Ó lé ní kílò mẹ́rin kí ẹ tó ki ọta 20 sínú màgasíìnì. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mò ń bú ẹni tó ṣe é pé kí ló dé tó wúwo báyìí. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwúwo yẹn ló ń gba èjìká mi sílẹ̀. Ọta yẹn kò yí padà. Tí ìbọn bá fúyẹ́, ohun tí ìbọn kò gbà mọ́ra, èjìká ẹni ló máa gbà á. Nítorí náà, àbúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ìbọn fi fífúyẹ́ tàn yín jẹ. Orí tábìlì ni ẹ ti máa yìn ín, ẹ ò gbé e rìn lọ sí Ṣakí.

Èkejì: FAL ní ibi tí a ti ń yí gáàsì rẹ̀, ìyẹn èéfín ẹ̀tù tó ń mú kó ki ara rẹ̀. Tí gáàsì bá pọ̀ jù, á máa fi agbára já ara rẹ̀, kátíríìjì òfìfo á máa fò bí eṣú. Tó bá kéré jù, kò ní ki ara rẹ̀. A máa dín in kù títí yóò fi kọ̀, a óò wá yí i padà títí á fi ṣiṣẹ́ déédéé, a óò sì fi díẹ̀ lé e. Ẹ bi wọ́n bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà ní irú rẹ̀. Ó máa ń ṣe èèyàn lóore.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni baba wọn: ṣé ẹ kì í di ojú kí ìbọn tó dún?

Ọmọ Ìbarà

Sájẹ́ǹtì, ẹ ti mú mi. Mò ń dì í. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo yìn ín, ojú mi á ti máa ṣẹ́, ọta á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó lápá òsì.

Sájẹ́ǹtì Alámàlà

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní màgasíìnì kó bá yín to ọta sínú rẹ̀, kó fi kátíríìjì ayédèrú tí kò ní ẹ̀tù méjì tàbí mẹ́ta há àárín wọn, kó má sọ ibi tó fi wọ́n sí. Ẹ máa yìn ín lọ. Tó bá kan ayédèrú, ìbọn ò ní dún, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn yín á tẹrí ba wálẹ̀ gbàgà! Gbogbo pápá á rí yín. Ìtìjú yẹn ló máa wo àrùn náà sàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wo tèmi.

Baba Ọlọ́dẹ

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohun tí kò yé mi ni mo fẹ́ bèèrè. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe níwájú pátákó? Pátákó kì í sá. Èmi pẹ̀lú ṣakabùlà, mo máa wọn ẹ̀tù, mo máa dà á sẹ́nu ọ̀pá, mo máa fi òwú dí i, mo máa da ọta sí i, mo máa tún fi òwú dí i, mo máa fi igi tì í títí. Tí mo bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, tí ọ̀yà wá yọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ṣé ẹ rò pé mo máa yìn ín dànù? Ẹ̀mí mi á wà lójú kan. N ò ní èkejì.

Ta ló ń lé yín tí ẹ fi fẹ́ kó ki ara rẹ̀?

Ẹ̀gbá ní Houston

Baba, ẹ ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ayìnbọn ń sọ lọ́hùn-ún. Ìbọn tí a ń fọwọ́ fa bóòtì rẹ̀ (irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá) lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan kò wọ́n. Nǹkan bíi 500 dọ́là á ra Ruger American tàbí Savage Axis tuntun ní .308, ọta rẹ̀ á sì máa bọ́ síbi kan ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ki ara wọn lọ. Tí Ọmọ Ìbarà bá gbà, kó gba ibẹ̀ lọ, owó á ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Àwọn pápá kan ń ṣe ìdíje Sátidé tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú mọ́ èèyàn lára. Àbí?

Ọmọ Ìbarà

Ìyẹn gan-an ni. Ọta mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, ó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo sì fẹ́ràn láti máa fi ojú ara mi rí i tó ń ṣiṣẹ́, Baba, ẹ má bínú.

Baba Ọlọ́dẹ

Kí ni màá bínú sí? Ọmọdé ló ni eré.

Ẹ̀gbá ní Houston

Ó dáa. Mo ti dé ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ti ní méjèèjì rí.

AR-10. Ti ArmaLite ni orúkọ yẹn, Eugene Stoner ló ṣe é lẹ́yìn 1950, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn, gbogbo ìbọn .308 tó bá ti jọ ọ́ ni AR-10. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. AR-15, àbúrò rẹ̀ kékeré, ẹ lè ra apá kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yìí kẹ́ ẹ fi mọ́ ti ilé iṣẹ́ tọ̀hún, á bá a mu. Ti ńlá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí méjì gbòógì ló wà, ti ArmaLite àti ti DPMS, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì tún ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun tí ẹ fẹ́ lò mọ́ ọn, títí dórí màgasíìnì, ẹ bèèrè pé ọmọ ẹbí wo ni. Mo ti fi owó ra ohun tí kò wọlé rí, mo jókòó tì í bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ dá sínú ilẹ̀kùn.

Àǹfààní rẹ̀: awò rọrùn láti gbé sórí rẹ̀, ibi tí ìka ń fà ṣeé pààrọ̀ sí èyí tó rọ̀, kátíríìjì òfìfo rẹ̀ máa ń jáde láìfarapa. Èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni PA-10 ti Palmetto State Armory. Ẹ máa rí i ní iye tí kò tó 1,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ruger SFAR tó jáde ní 2022, òun máa ń wà ní nǹkan bí 1,000 sókè. SFAR fúyẹ́ gan-an, kílò mẹ́ta àti díẹ̀, nǹkan tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ nìyẹn. Sájẹ́ǹtì sì ti sọ ohun tí ìyẹn máa ṣe fún èjìká.

PTR-91. Ọmọ ìyá G3, ìbọn ológun Jámánì, ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò fi gáàsì ti ọ̀pá kankan. Irin róbótó méjì ló ń dá bóòtì rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó padà sẹ́yìn. Inú ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí, wọ́n gbẹ́ ojú ìlà sí i, gáàsì á gba ibẹ̀ kọjá kí kátíríìjì má bàa lẹ̀. Ìdí rèé tó fi ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá fún un. Ṣùgbọ́n kátíríìjì òfìfo rẹ̀ á jáde pẹ̀lú ilà dúdú bíi gọ̀ǹbọ́ ojú àwọn baba wa, á sì fò lọ bá ẹni tó wà ní tábìlì kẹta. Ẹnìkan ti yọ ọ́ nínú kọfí rẹ̀ rí, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ jù ú. Màgasíìnì G3 àlòkù pọ̀ lọ́jà, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Tí ọta bá tán, bóòtì rẹ̀ kì í dúró sẹ́yìn kó sọ fún ẹ, o kàn máa fà á, á dún kó! ni. Nínú ìdíje tí wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú, kò dára. Ibi tí ìka ń fà le bí ẹran ìgalà.

M1A lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó ti kọjá 1,500 kẹ́ ẹ tó gbé awò sí i, awò sì nira láti gbé sí i. FAL tí Sájẹ́ǹtì fẹ́ràn náà wà, àwọn tó ń ṣe tuntun ń ta á ju owó yẹn lọ dáadáa.

Tí ẹ bá bi mí: PA-10, ọ̀pá íńṣì 18 tàbí 20. Ọ̀pá gígùn ń dín ariwo kù létí ẹni tó ń yìn ín, ìwúwo rẹ̀ sì wúlò.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ fi ilà baba wa sílẹ̀ o.

Mo ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní Kírìjí ni orúkọ ìbọn kan tí wọ́n fi ja ogun yẹn. Ṣé irú èyí ni?

Baba Ọlọ́dẹ

Rárá, ọmọ mi. Ìró ló sọ ogun lórúkọ. Ìbọn tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, èyí tí à ń ki láti ìdí, kì í ṣe láti ẹnu, ló ń dún kí-rì-jí lórí òkè, ogun náà sì gba orúkọ rẹ̀, láti 1877 títí di 1893. Ìbọn tí à ń ki láti ìdí yẹn ló dá Ìbàdàn dúró, torí ẹni tó ń ki láti ẹnu á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì ti yìn ín ní ìgbà mẹ́ta. Kí ìyẹn tó dé, ní 1851 tí Dàhómì wá bá wa lẹ́nu odi Aro, tiwọn tiwa, àtẹnu-kì ni, àwọn obìnrin wọn náà ń kì í.

Ó dà bíi pé mo ti dáhùn ìbéèrè ara mi nípa ìbọn tó ń yára.

Ìyá Ìbejì Pennsylvania

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi àti bàálé mi la jọ ń yìn. Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ owó ìbọn, kò sẹ́ni tó tíì sọ owó oúnjẹ rẹ̀.

Àbúrò mi Ọmọ Ìbarà, ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Ọta .308 tí owó rẹ̀ kéré jù, kì í jìnnà sí dọ́là kan fún ẹyọ kan. Ẹ ní ẹ̀ ń lọ ní gbogbo Sátidé. Tí ẹ bá yìn 100, 100 dọ́là ti lọ. Sátidé mẹ́rin, 400. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ ti yìn owó ìbọn mìíràn lu pátákó. Ọta .223 tí AR-15 ń jẹ máa ń gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ti .22 kékeré, dọ́là kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní 1,200, tó wá kó gbogbo rẹ̀ lé irin, á gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sínú àpótí, á máa nù ún lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti rí i lójú mi, ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Ojú tí ẹ̀ ń dì yẹn náà, .308 kọ́ ló máa wò ó sàn. .22 ni. Kò ta èèyàn, kò pariwo, ẹ lè yìn ín ní 200 lọ́jọ́ kan kí ọwọ́ yín kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ óò fi .308 ṣe ogún péré, ogún tí ẹ fọkàn sí.

Ẹ wá jẹ́ kí n bọ́ sórí etí, torí iṣẹ́ mi ni. Ariwo tó bá ti kọjá 140 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti lè ba etí jẹ́, .308 sì ń kọjá 160. Èyí tó bá bàjẹ́ nínú etí kì í hù padà. Tí ẹ bá wà lábẹ́ òrùlé, ẹ ki ìdí-etí (ohun tí a fi ń dí etí) tó rọ̀ bọ inú etí, kẹ́ ẹ sì de ti orí lé e. Kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ àti ojú kẹ́ ẹ tó jẹ ohunkóhun, torí òjé ń wà nínú èéfín ìbọn. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ sí pápá, ẹ má fi gbé ọmọ kékeré.

Ẹ̀gbá ní Houston

Màmá Ìbejì, ẹ ti bá mi wí láìdárúkọ mi. Àpótí tèmi ní ìbọn méjì tí n kò yìn láti ọdún tó kọjá.

Mo ṣì fẹ́ jà díẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọta ní 300 yáàdì, .22 kò ní kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú .308.

Ìyá Ìbejì Pennsylvania

Ẹ fi .22 yìn ní 100 yáàdì lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kẹ́ ẹ wá padà wá sọ fún mi pé kò kọ́ yín ní nǹkan. Á gbé ọta yín lọ bí ewé.

Ẹ̀gbá ní Houston

Mo gbà fún yín.

Sájẹ́ǹtì Alámàlà

Obìnrin yẹn ti kọ́ sójà rí, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Pennsylvania

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ ọkùnrin mẹ́rin ni mo tọ́.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ti tú mi ká pátápátá. N ò ka owó ọta rárá, torí nígbà tí mò ń yá ìbọn, onílé ìbọn ló ń fún mi ní ọta pẹ̀lú, èmi ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rò ó pé gbèsè ńlá ni mo jẹ ọkùnrin yẹn.

Ìbéèrè méjì. Èkíní, ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n lọ gba M1 Garand lọ́dọ̀ CMP, àjọ tó ń ta ìbọn ológun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, pé ó dínwó. Èkejì, tí mo bá rí PTR àlòkù ní 800, kí ni màá wò lára rẹ̀?

Ẹ̀gbá ní Houston

Garand: ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 1936, ọta mẹ́jọ ló ń gbà, .30-06 ló ń jẹ, kì í ṣe .308. Ìbọn rere ni, ìtàn kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n CMP kì í tà á fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin. Green card kò tó. Ẹ dúró di ọjọ́ tí ẹ bá búra.

PTR àlòkù: ẹ mú irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì dání. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ yọ màgasíìnì, ẹ ti bóòtì mọ́lé, kẹ́ ẹ wá ki irin yẹn bọ àlàfo tó wà láàárín orí bóòtì àti ìdí rẹ̀. Kó wà láàárín 0.1 sí 0.5 mìlímítà. Tó bá ti kéré ju 0.1, ẹ dá a padà fún un, irin róbótó inú rẹ̀ ti jẹ, ẹ̀yin lẹ máa náwó sí i. Ẹ wo ẹnu ọ̀pá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: tí etí ẹnu rẹ̀ bá ti ní ojú ọgbẹ́ tàbí tó ti gbá nǹkan, ọta ò ní lọ tààrà mọ́. Ẹ sì mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra ọta olówó pọ́ọ́kú. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbá mú, ọ̀pọ̀ pápá abẹ́ òrùlé kì í gbà á, torí ó ń ba ògiri tó ń gba ọta jẹ́, ó sì ń ta iná.

Nípa ibi tí ọta máa bọ́ sí, kẹ́ ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ayìnbọn ń fi íńṣì wọn bí ihò ọta ṣe jìnnà síra ní 100 yáàdì. Ìbọn irú owó yìí pẹ̀lú ọta olówó pọ́ọ́kú, ẹ máa rí íńṣì méjì sí mẹ́ta. Ní 300 yáàdì ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn ti tó àwo láfún. Tí ẹ bá fi ọta ìdíje tí orí rẹ̀ wọn 168 grain sí i, àwo yẹn á kéré, owó yín náà á kéré.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Àwo láfún wo? Ti ọkùnrin ni àbí ti obìnrin? Torí àwo tí wọ́n ń gbé fún mi nílé, kò sí ọta tó lè tàsé rẹ̀.

Lọ́yà Kútọ̀

Láfún pẹ̀lú ewédú, ẹ má dá ebi sílẹ̀ fún wa láago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé. N kò ní ra PTR. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà máa ń tún kátíríìjì òfìfo ki ní ilé rẹ̀, ó ti ní òun á máa bá mi ṣe tèmi tí kò bá ti ní ilà lára. Ìyẹn nìkan ti ju ìyàtọ̀ owó màgasíìnì lọ. PA-10 ni, ọ̀pá íńṣì 18. Mo wo iye rẹ̀ lónìí, tí mo bá fi awò kan tí kò ju 150 sí i, owó díẹ̀ á ṣẹ́kù, ọta ni mo fẹ́ fi gbogbo ìyẹn rà. Awò olówó ńlá á dúró.

Mo pinnu pé ogójì ni màá máa yìn ní Sátidé, kò ní lé. .22 ìyàwó mi wà nílé, tí mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú pé ti obìnrin ni. Màá bẹ̀ ẹ́. Kò ní ṣàì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Sájẹ́ǹtì, ti kátíríìjì ayédèrú yẹn, mo ti kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp. Ó dáhùn pé òun á fi mẹ́rin sí i, pé òun á sì gbé kámẹ́rà wá.

Sájẹ́ǹtì Alámàlà

Ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ síbí.

Baba Ọlọ́dẹ

Nọ́ọ̀sì, ìyá àwọn ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ẹ sọ nípa etí yẹn kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Etí mi ọ̀tún ń dún bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Ìyàwó mi ní mi ò gbọ́ tòun, mo rò pé ẹnu rẹ̀ ni. Apá ọ̀tún ni ibi tí ẹ̀tù ti ń jó lára ìbọn mi wà. Mo ti wá ń rò ó.

Ìyá Ìbejì Pennsylvania

Baba, ó jọ pé ìbọn ni. Ẹ lọ rí dókítà etí, ilé ìwòsàn FMC tó wà ní Ìdí-Àbà kò jìnnà sí yín. Kí wọ́n wo méjèèjì, kì í ṣe ọ̀tún nìkan. Èyí tó ti lọ lè má padà, ṣùgbọ́n ẹ lè tọ́jú èyí tó kù. Ẹ má tún yìn ín láìdí etí mọ́, ẹ dákun.

Baba Ọlọ́dẹ

Tí mo bá dí etí, báwo ni màá ṣe gbọ́ ẹran?

Ọmọ Ìbarà

Baba, irú kan wà tó jẹ́ pé ó ní bátìrì. Ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ewé tó ń mì, ṣùgbọ́n tí ìbọn bá dún, ó máa pa ariwo yẹn. Tèmi wà nínú báàgì mi níbí, mo gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò nígbà tí mo ń bọ̀. Ìbọn nìkan ni òfin kọ̀, ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, àbí?

Lọ́yà Kútọ̀

Ìdí-etí kò sí nínú ìsọ̀rí kankan. Ẹ gbé e fún Baba.

Ọmọ Ìbarà

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Baba, ibo ni kí n ti rí yín?

Baba Ọlọ́dẹ

Láfẹ́nwá, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà rélùwéè, láago mẹ́wàá. Fìlà ọdẹ ló máa wà lórí mi. Tí ẹ bá pè mí tí n kò dáhùn, apá òsì ni kẹ́ ẹ gbà wá.